Epo Nínú Ọ̀sà: Àìsàn Ẹja Tí Ojú Wa Kò Rí ní Abidjan

Ìbéèrè kan wà tí àwọn obìnrin kì í yé bi mí nígbà tí mo bá ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nípa oúnjẹ fún àwọn aboyún àti àwọn abiyamọ ní àdúgbò Abobo àti Treichville. Wọ́n á ní, “Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹja tí ó bá ń rùn bí epo dísù, bí a bá fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ fọ̀ ọ́ dáadáa, ṣé kò léwu mọ́?” Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Ẹjìgbò àti Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn Yorùbá tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Anago, tí wọ́n ti ń ṣòwò ní ìlú yìí láti ìran dé ìran. Ẹja kì í wọ́n nínú àwo wọn. Bí kò bá sí nínú ọbẹ̀ ilá, ó wà lórí attiéké.

Ìdáhùn mi kì í gùn: ẹ má ṣe rà á. Omi ọsàn lè pa òórùn, kì í yọ epo kúrò nínú ẹran ara ẹja. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dáhùn tán, ọkàn mi kì í balẹ̀, nítorí pé ẹja tí ó ń rùn ni ó rọrùn jù lọ láti yẹra fún. Èyí tí kò rùn, tí epo sì ti ṣe ní jàǹbá láti ìgbà tí ó ti wà nínú ẹyin ńkọ́? Èyí tí kò tilẹ̀ jáde láti inú ẹyin rárá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ àwọn ẹja wọ̀nyẹn ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Ohun tí ọdún 2006 kọ́ wa, àti ohun tí kò kọ́ wa

Bí a bá dárúkọ ìdọ̀tí epo ní Abidjan, ibi tí ọkàn gbogbo ènìyàn ń lọ ni ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún 2006. Ní ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ojú omi Probo Koala, tí ó ń fi àsíà orílẹ̀-èdè Panama rìn, tí ilé-iṣẹ́ Trafigura sì háyà, wà ní èbúté Abidjan pẹ̀lú ìdọ̀tí tí ó tó nǹkan bí 500 tọ́ọ̀nù. Ohun tí ó ṣẹ́kù nìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n ti fi sódà fọ epo kan tí imí-ọjọ́ pọ̀ nínú rẹ̀, nínú ikùn ọkọ̀ náà lórí òkun. Ní oṣù keje, wọ́n ti gbìyànjú láti já a sílẹ̀ ní Amsterdam. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tí ó ń gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ gbóòórùn rẹ̀, tí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbé owó ìtọ́jú rẹ̀ láti nǹkan bí 27 yúrò lọ sí nǹkan bí 1,000 yúrò lórí mítà kúbíìkì kan. Ọkọ̀ náà gbé ẹrù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó yà sí Èkó kí ó tó dé Abidjan, kò sì rí i já síbẹ̀. Ní Abidjan, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Compagnie Tommy, tí kò tí ì pẹ́ tí ó gba ìwé àṣẹ, gbà á ní nǹkan bí 35 dọ́là lórí mítà kúbíìkì kan. Àwọn ọkọ̀ agbépo dà á sí ààtàn Akouédo, sí ojú àgbàrá, sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó kéré tán ní ibi 18 káàkiri ìlú.

Ẹni tí ó bá wà ní Abidjan nígbà náà kò lè gbàgbé òórùn ẹyin tí ó ti bàjẹ́ tí ó gba ìlú kan. Orí ń fọ́ àwọn ènìyàn, wọ́n ń bì, ẹ̀jẹ̀ ń dà ní imú wọn, awọ ara wọn ń yún wọn. Àwọn tí ó wá ìtọ́jú ju 100,000 lọ. Iye òkú tí àwọn aláṣẹ kà wà láàárín 15 àti 17. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án, gbogbo ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà fi ipò sílẹ̀. Ìjọba fi òfin de ìpẹja àti ọ̀gbìn ẹ̀fọ́ ní àyíká ibi tí ọ̀rọ̀ kàn, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí ó jẹ̀ ní itòsí ìdọ̀tí náà.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ di ti ilé-ẹjọ́ àti ti owó. Ní oṣù kejì ọdún 2007, Trafigura fẹnu kò pẹ̀lú ìjọba Côte d'Ivoire láti san bílíọ̀nù 95 owó sefà. Ní ọdún 2009, wọ́n tún san mílíọ̀nù 30 pọ́n-ùn nínú ẹjọ́ tí nǹkan bí 30,000 ènìyàn pè ní London, ṣùgbọ́n apá kan owó náà sọnù sọ́wọ́ àwọn kan kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ni ín. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ọdún 17 lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, Ilé-ẹjọ́ Áfíríkà fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tí ó fi Arusha ṣe ibùjókòó, dá a lẹ́jọ́ pé orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire kùnà láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ sí ẹ̀mí, sí ìlera, àti sí àyíká tí ó dára. Ó pàṣẹ kí a dá àpò owó sílẹ̀ fún àwọn tí ó fara gbá a.

Mo gbóríyìn fún ìdájọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó mọ ohun tí ó jẹ́ láti tọ́jú aláìsàn tí kò mọ ohun tí ó mí símú. Ènìyàn ni gbogbo ẹjọ́ náà dá lé lórí, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì yẹ kí ó rí. Ẹja kì í pe ẹjọ́.

Ṣùgbọ́n ọdún 2006 kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan tí ó lè ṣì wá lọ́nà. Ó kọ́ wa láti máa bẹ̀rù ọkọ̀ ńlá tí ó ti òkèèrè dé, tí òórùn rẹ̀ ń kéde rẹ̀. Nígbà tí UNEP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, gbé àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 2018, ó sọ pé kò sí èyíkéyìí nínú àwọn ibi tí wọ́n da ìdọ̀tí náà sí tí ó ṣì ju ìwọ̀n tí ìjọba Côte d'Ivoire là kalẹ̀ fún ìmọ́tótó ilẹ̀ lọ. Ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn balẹ̀. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ epo àti omi ti parí ní Abidjan. Bẹ́ẹ̀ sì ni epo tí ó ń ba ẹja jẹ́ lójoojúmọ́ kò ti inú ọkọ̀ yẹn wá. Kò ní orúkọ, kò ní ọjọ́ tí a lè dárúkọ, àwa fúnra wa ni a sì ń dà á.

Níbo ni epo náà ti ń wá?

Ẹ wo ojú àgbàrá èyíkéyìí ní Abobo, Adjamé tàbí Koumassi níbi tí àwọn mẹkáníìkì pọ̀ sí. Nígbà tí wọ́n bá pààrọ̀ epo ẹ́ńjìnnì, apá kan nínú àlòkù náà ni wọ́n ń tà fún àwọn tí ó fi ń kun igi kí ikán má baà jẹ ẹ́. Èyí tí ó kù, ilẹ̀ ni ó ń bọ̀ sí. N kò sọ èyí láti bú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa. Ẹni tí kò sí ibi tí yóò gbé ìdọ̀tí rẹ̀ lọ yóò dà á sí ibi tí ó súnmọ́ ọn. Àjọ EPA ti Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ pé epo àlòkù tí ó jáde láti inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ṣoṣo, ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí a pààrọ̀ rẹ̀, lè ba mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù omi mímu jẹ́. Ẹ wá ka iye takisí àti gbàkà tí ó wà ní Abidjan.

Ẹ fi epo dísù tí ó ń jò lára àwọn ọkọ̀ ojú omi pinasse tí ń kó èrò lórí ọ̀sà kún un, pẹ̀lú èyí tí ó ń ṣàn kúrò ní ilé epo àti lábẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ní Vridi, ẹ tún ní èbúté àti ilé-iṣẹ́ ìfọpo SIR, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1962. Láti oṣù karùn-ún títí dé oṣù keje, òjò ńlá ń gbá gbogbo rẹ̀ lọ sí ibi tí omi ń lọ.

Àwọn kan lè sọ pé Ọ̀sà Ébrié kì í ṣe omi aláìníyọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹja omi tútù bí àrọ̀ kò kàn án. Òótọ́ ni pé láti ọdún 1950 tí wọ́n ti la ipa odò Vridi, omi òkun ń wọ inú ọ̀sà lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí odò Comoé bá kún, láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án, omi rẹ̀ ń ti omi iyọ̀ sẹ́yìn, ìhà ìlà-oòrùn ọ̀sà a sì di omi tí kò ní iyọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọ̀sà mìíràn wà ní àríwá ìlà-oòrùn ìlú tí omi rẹ̀ kò ní iyọ̀ rárá: Ọ̀sà Aghien. Àwọn odò kéékèèké tí ó ń ṣàn wọ inú rẹ̀, Djibi àti Bété, ń gba ìhà Abobo àti Anyama kọjá, níbi tí ilé ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Epo tí mẹkáníìkì bá dà sí kọ́tà ní Abobo, ọ̀nà Aghien ni ó lè gbà.

Ọ̀rọ̀ Aghien kì í sì í ṣe ti ẹja nìkan. Láti ilẹ̀ jíjìn ni a ti ń fa omi ẹ̀rọ Abidjan láti ọjọ́ pípẹ́. Ìlú ti pọ̀ ju ohun tí kànga lè bọ́ lọ, ìjọba sì ti yíjú sí omi orí ilẹ̀ agbègbè náà. Ilé-iṣẹ́ ìfọmi La Mé, tí wọ́n ṣètò rẹ̀ láti máa fọ 240,000 mítà kúbíìkì omi lóòjọ́, ń fa omi láti inú odò Mé, wọ́n sì ti ń wo Aghien náà fún iṣẹ́ kan náà. Ẹja tí ń gbé inú omi yẹn ni yóò kọ́kọ́ mu ohun tí àwa yóò mu.

Bí epo ṣe ń dá ẹja lára

Epo kò rí bákan náà. Epo fífúyẹ́ bíi dísù àti kẹrosíìnì ń yòrò díẹ̀ sínú omi, ó sì ń pa ẹja kíákíá. Epo dúdú tí ó nípọn, èyí tí àwọn ará Abidjan ń pè ní mazout, kì í tètè yòrò. Ó ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò koríko etí omi, ó ń rì sínú ẹrẹ̀, ó sì ń fi oró rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ibi tí ó ti kọ́kọ́ ń kọlu ẹja ni ibi pupa tí ó wà lábẹ́ ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, tí ó fi ń mí. Awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ púpọ̀. Bí epo bá kan án, ó ń wú, ó ń sun kẹ̀lẹ̀bẹ̀, afẹ́fẹ́ kò sì rí àyè wọlé dáadáa mọ́. Ẹni tí ó bá ti tọ́jú ọmọ tí òtútù àyà mú yóò mọ ohun tí mò ń sọ: ọmọ kò dá mímí dúró, ṣùgbọ́n gbogbo agbára rẹ̀ ni ó ń ná lórí mímí. Ẹja tí ó wà ní irú ipò yìí kò ní agbára tí yóò fi dàgbà, tí yóò fi sá fún ọ̀tá, tàbí tí yóò fi bímọ. Lẹ́yìn náà, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń jẹ epo nínú omi ń lo afẹ́fẹ́ tí ẹja ì bá mí. Ní ìsàlẹ̀ Baie de Biétry, níbi tí ìdọ̀tí ìlú ti gba afẹ́fẹ́ omi tán láti ọjọ́ pípẹ́, ohun tí epo bá tún mú kúrò kì í ṣe díẹ̀.

Ẹ̀dọ̀ ni ó kàn. Ẹ̀dọ̀ ẹja, bíi tiwa, ni ó ń fọ oró kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Nínú epo, ìdílé kẹ́míkà kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní PAH. Ẹ̀dọ̀ ẹja mọ bí a ṣe ń fọ́ wọn túútúú, ó sì ń dà wọ́n sínú òróòro láti lé wọn jáde. Nínú fífọ́ wọn gan-an ni ewu wà, nítorí pé díẹ̀ nínú ohun tí ó ń jáde láti inú iṣẹ́ náà lágbára láti yí àbùdá ara padà, kí ó sì di àrùn jẹjẹrẹ.

Ìtàn odò Black River, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, fi èyí hàn dáadáa. Nínú odò náà ni ẹja kan wà tí ó jẹ́ ìbátan àrọ̀ wa, tí ó ń jẹ̀ nínú ẹrẹ̀ bí àrọ̀ ṣe ń jẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan tí ń sun èédú ilẹ̀ ń da PAH sínú odò náà, àwọn ẹja náà sì ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ní ọ̀pọ̀ yanturu. Ní ọdún 1983, wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa, jẹjẹrẹ náà sì dínkù gidigidi. Nígbà tí ó di ọdún 1990, wọ́n gbẹ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò láti kó ìdọ̀tí àtijọ́ kúrò, jẹjẹrẹ tún pọ̀ sí i fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé ohun tí ó ti sùn ni wọ́n jí. Lẹ́yìn náà ni ó tún lọ sílẹ̀. Ìtàn yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ Baie de Cocody fún iṣẹ́ àtúnṣe tí Morocco bá Côte d'Ivoire dá lé. Iṣẹ́ tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tí ó ti mu epo fún àádọ́ta ọdún kì í ṣe ohun tí a ń rú sókè láìwo ohun tí ẹja itòsí yóò mí símú.

Ẹyin ni ó ń jìyà jù

Bí ó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni òǹkàwé wa yóò mú kúrò nínú àkọsílẹ̀ yìí, mo fẹ́ kí ó jẹ́ èyí: ìwọ̀n epo tí ẹja ńlá lè lúwẹ̀ẹ́ kọjá nínú rẹ̀ láìkú tó láti ba ẹyin rẹ̀ jẹ́. Ẹyin kò lè sá. Ọ̀rá inú rẹ̀ ń fa PAH mọ́ra bí òwú ṣe ń fa epo, ẹ̀dọ̀ ọmọ inú rẹ̀ kò sì tí ì gbó.

Kí a tó mọ ohun tí ó lè máa ṣẹlẹ̀ ní etí omi Aghien, ó yẹ kí a wo àwọn ibi tí wọ́n ti ṣàyẹ̀wò ọ̀rọ̀ yìí fínnífínní. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 2005, ọkọ̀ ojú irin kan yẹ̀ kúrò lójú irin lẹ́bàá adágún Wabamun ní Kánádà. Adágún omi tí kò ní iyọ̀ ni. Epo dúdú tí ó tú sílẹ̀ ju 700,000 lítà lọ, apá kan nínú rẹ̀ sì wọ inú adágún. Nígbà tí àwọn onímọ̀ gbé ẹyin ẹja kalẹ̀ sí ibi tí epo náà dé àti sí ibi tí kò dé, àwọn ọmọ ẹja tí eegun ẹ̀yìn àti orí wọn ṣe ségesège pọ̀ jù ní ibi tí epo dé.

Ṣáájú ìyẹn, ní ọdún 1989, ọkọ̀ Exxon Valdez fọ́ ní etíkun Alaska, epo rọ̀bì rẹ̀ sì dé ẹnu àwọn odò kéékèèké tí ẹja salmon ń yé sí. Ìwádìí tí ó tẹ̀lé e fi hàn pé ẹyin tí ó bá pàdé PAH tí kò ju 20 lọ nínú bílíọ̀nù kan lè pa, kí ọmọ jáde, kí a wò ó kí ó dà bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe é, síbẹ̀ kí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà má padà wá sí odò láti bímọ. Kí ẹ lè mọ bí ìwọ̀n náà ṣe kéré tó, ìwọ̀n kan nínú bílíọ̀nù kan dà bíi kí a kán epo kan ṣoṣo sínú 50,000 lítà omi.

Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó mọ ìdí rẹ̀. Ọkàn ni. Díẹ̀ lára àwọn kẹ́míkà PAH ń dí ọ̀nà tí èròjà kálísíọ́mù àti potásíọ́mù ń gbà wọlé jáde nínú ẹran ara ọkàn, èyí tí wọ́n fi hàn gbangba nínú ọkàn ẹja tuna ní ọdún 2014. Ọkàn tí kò lù dáadáa nígbà tí ó ṣì ń dá kì í ní ìrísí tí ó yẹ láéláé. Omi ń gbára jọ sí àyà ọmọ ẹja, àgbọ̀n rẹ̀ a kéré, ẹ̀yìn rẹ̀ a tẹ̀. Bí oòrùn bá tún ràn sí i lára, oró náà a máa le sí i, nítorí pé ara ọmọ ẹja mọ́lẹ̀ bíi díńgí, ìtànṣán sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Oòrùn Abidjan kì í ṣe ti Alaska.

Èyí ni ó fà á tí apẹja kì í rí òkú ẹja kankan, síbẹ̀ tí àwọ̀n rẹ̀ ń fúyẹ́ sí i lọ́dọọdún. Òkú tí ó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ kì í léfòó.

Ṣé kí a má jẹ ẹja mọ́?

Mo mọ̀ pé ibí yìí ni ìyá tí ó ń ka èyí ti ń dúró dè mí. Rárá, ẹ máa jẹ ẹja. Ní ọdún 2011, UNEP gbé ìwádìí ńlá kan jáde lórí ilẹ̀ Ògóní ní gúúsù Nàìjíríà, níbi tí epo rọ̀bì ti ba omi jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí benzene inú kànga kan fi ju ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí lọ ní ìlọ́po tí ó ju 900 lọ. Nípa ẹja, ohun tí wọ́n rí ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: epo tí ó kó jọ sára ẹja kò tó ohun tí ó léwu púpọ̀ fún ẹni tí ó bá jẹ ẹ́. Ìpẹja gan-an ni ó ń kú lọ, nítorí pé ibi tí ẹja ń yé sí àti ibi tí ọmọ rẹ̀ ń dàgbà sí ti bàjẹ́. Ẹ̀dọ̀ ẹja ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó ti lé oró náà jáde. Ẹja náà ni ó san gbèsè rẹ̀.

Ohun méjì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi sí iyè ni ìṣọ́ra ṣì wà fún. Àwọn ẹran omi oníkarawun bí ìṣáwùrú kò ní irú ẹ̀dọ̀ tí ẹja ní, nítorí náà PAH ń pẹ́ lára wọn. Ẹ má ṣe rà wọ́n láti ibi tí epo ń dán lójú omi. Ẹ má sì ṣe jẹ ìfun àti ẹ̀dọ̀ ẹja tí ẹ kò mọ ibi tí ó ti wá, pàápàá ti àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún tí ń jẹ̀ nísàlẹ̀ ẹrẹ̀. Èkejì, èyí tí àwọn oníbàárà mi kì í fẹ́ gbọ́, ni ẹja yíyan. Èéfín igi náà ní PAH nínú. Ẹja tí a yan lórí iná tí ọ̀rá rẹ̀ ń kán sínú ẹ̀yinná lè ní PAH ju èyí tí ọ̀sà bu fún un lọ. Nítorí èyí ni FAO àti àwọn onímọ̀ Thiaroye ní Senegal fi ṣe irú ààrò kan tí ó ń gba ọ̀rá sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ó sì ń sẹ́ èéfín. Ààrò náà ti dé Abobo-Doumé níhìn-ín ní Abidjan, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì ti lò ó. Ó wọ́n ju agbada irin lọ, ìdí nìyí tí kò fi tí ì tàn ká.

Ohun tí ó yẹ kí a béèrè

Ìwádìí kan wà tí kò wọ́n, tí ó sì bá ọ̀rọ̀ wa mu. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀dọ̀ ẹja ń da àfọ́kù PAH sínú òróòro rẹ̀, òróòro náà dà bí ìwé àkọsílẹ̀ ohun tí ẹja náà pàdé ní ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn. Bí a bá tan irú iná kan sí i, àwọn àfọ́kù wọ̀nyí ń tàn, a sì lè wọn bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Kò béèrè fún ẹ̀rọ olówó gọbọi bí èyí tí a fi ń ka PAH ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹja ogún tàbí ọgbọ̀n láti ọwọ́ apẹja, ní ibi mélòó kan, ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, tó láti fi mọ ibi tí epo ti ń wọlé.

Côte d'Ivoire ní àwọn tí ó lè ṣe é. CIAPOL, àjọ tí ó ń gbógun ti ìbàjẹ́ àyíká, ti wà láti ọdún 1991. Ibùdó ìwádìí òkun, CRO, wà ní Abidjan níbí, àwọn onímọ̀ rẹ̀ sì mọ ọ̀sà yìí bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí àbájáde má ṣe dúró sínú àpótí ìwé. Kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọjà Treichville àti ti Abobo ní èdè Faransé àti ní àwọn èdè tí àwọn ẹlẹ́ja ń sọ, títí kan tiwa. Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sì gbé àgbá kalẹ̀ fún epo àlòkù níbi tí àwọn mẹkáníìkì pọ̀ sí, pẹ̀lú ẹni tí yóò máa wá kó o ní àkókò tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Mo ti rí àgbá tí ó kún tí ẹnikẹ́ni kò wá kó fún oṣù mẹ́ta, inú kọ́tà náà ni ó padà já sí.

Tí wọ́n bá fẹ́ mọ ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, ẹnu ibi tí odò Djibi ti ń wọ Ọ̀sà Aghien ni èmi yóò fi hàn wọ́n. Kí a mú ẹja níbẹ̀ ní ìparí oṣù kẹrin, kí ọ̀gbàrá àkọ́kọ́ tó gbá epo ọ̀gbẹlẹ̀ ìlú wọlé, kí a tún mú òmíràn ní oṣù kẹfà nígbà tí ó bá ti gbá a wọlé tán, kí a sì fi òróòro èkínní wé ti èkejì.